Kí A Tó Fọwọ́ Kan Kóòdù Ẹlòmíràn

Ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ kì í dé oko kó kàn yọ ọkọ́ bolẹ̀. Yóò kí olóko, yóò béèrè ibi tí ààlà wà, yóò sì bi í léèrè ohun tó gbìn sáàárín ewé wọ̀nyẹn. Ilá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti èpò lè jọra lójú àlejò. Bí àlejò bá fi tọkàntọkàn ro gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, olóko lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n olóko náà ni yóò padà lọ gbin ilá mìíràn.

Mo ti oko bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòdù. Bí a ṣe ń lọ́wọ́ sí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní open source ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀dọ̀ olóko sì ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Open source ni ètò tí ẹni tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀ sí gbangba, tó sì fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti lò ó, láti kà á, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Linux jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland nígbà náà, ló kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Lónìí, Linux ló wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo nínú fóònù Android tó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú yín. Firefox, LibreOffice, èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python, àti MediaWiki tí Wikipedia èdè Yorùbá ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yí irú ètò bẹ́ẹ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí àtúnṣe yín wọ inú èyí tí gbogbo ayé ń lò, ẹ ó gbé e fún alábòójútó ètò náà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi gbólóhùn kan yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìlànà tí a fẹ́ kà ti jáde: ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá tiyín lọ.

Ìdí tí ìlànà fi wà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ariwo ta káàkiri ayé nípa àbùkù kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed. Inú OpenSSL ló wà. OpenSSL ni ètò tí àìmọye ilé-iṣẹ́ fi ń pa àṣírí ọ̀rọ̀ mọ́ bó ti ń ti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àbùkù náà. Ó dà bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún yín, tó wá ní kí ẹ tún ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí òun sọ pè fún òun. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò ní, “Mẹ́ta lo sọ.” Kóòdù náà kò kà á. Ó ń fi ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ dí àlàfo náà títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún, bí ọ̀rọ̀ ìwọlé àti àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ àjèjì nìyẹn.

Ẹni tó kọ kóòdù yẹn kò ní èrò ibi. Ó fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí àṣìṣe náà, ó sì gbà á wọlé. Ó jáde fún aráyé ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ó sì ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó kéde pé àbùkù wà níbẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé ẹnì kan péré ló ń fi gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀ tọ́jú OpenSSL, tí gbogbo ayé sì ń jẹ lára rẹ̀.

Ojú tó ń wo iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀, ojú náà sì máa ń rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlànà tó dà bí ìnira, ẹ bi ara yín pé: báwo ni èyí yóò ṣe mú iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ka kóòdù mi fúyẹ́? Ẹ ó rí ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ ka ilé kí ẹ tó wọ̀ ọ́

Ètò tó bá létò máa ń ní fáìlì bíi mélòó kan lẹ́nu ọ̀nà. README yóò sọ ohun tí ètò náà ń ṣe àti bí a ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà. CONTRIBUTING ni ìlànà fún ẹni tó fẹ́ lọ́wọ́ sí i. CODE OF CONDUCT yóò sọ irú ìwà tí wọ́n ń retí láàárín ara wọn. LICENSE ni ìwé àṣẹ.

Ẹ má ṣe fo ìwé àṣẹ. Bí GPL bá ni, ẹni tó bá tún ètò náà ṣe, tó sì ń pín in, gbọ́dọ̀ fún àwọn tó gbà á ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú irú àṣẹ kan náà. Bí MIT bá ni, ohun tó béèrè kéré: kí ẹ má yọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ àṣẹ náà kúrò. Irú àṣẹ tí ilé náà ń lò ni iṣẹ́ tiyín náà yóò bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àṣà tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Linux, bọ́tìnnì tab ni wọ́n fi ń ti ìlà kóòdù sínú, wọ́n sì ka fífẹ̀ rẹ̀ sí àyè lẹ́tà 8. Lọ́dọ̀ àwọn Python, àlàfo 4 ni ìlànà wọn. Ẹ lè fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wá sóko olóko kò ní sọ pé kí wọ́n tún ebè kọ sí ọ̀nà tó wu òun. Bí gbogbo kóòdù bá rí bákan náà, ojú ẹni tó ń kà á yóò lè mú ohun tó yàtọ̀, inú ohun tó yàtọ̀ yẹn ni àṣìṣe sì máa ń fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan kọ́ ọ

Ká ní ètò open source kan wà tí wọ́n fi Python kọ, tí wọ́n sì fi ń to orúkọ ìwé inú ilé-ìkàwé. Ẹ tẹ “ẹ̀kọ́” sínú àpótí ìwákiri rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lára àkọlé rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ ń wò ó. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Ó ní nọ́ńbà kan fún “ẹ”, ó sì ní òmíràn fún “è”, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún “ẹ̀”, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Ńṣe ni a ń to “ẹ̀” pọ̀. Bọ́tìnnì ẹnì kan lè mú “ẹ” kó fi àmì ohùn lé e lórí. Ti ẹlòmíràn lè mú “è” kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ti ẹnì kẹta lè mú “e” lásán kó fi méjèèjì sí i. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tí kò kọ Yorùbá rí lè fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ lórí ètò yẹn kó má mọ̀ pé àṣìṣe yìí wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ gan-an ni ẹ ti ní ìmọ̀ tí ọ̀gá tó kọ ètò náà kò ní.

Ẹ kọ́kọ́ wá inú àkójọ ẹ̀sùn ètò náà, bóyá ẹlòmíràn ti mú un wá. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi ohun tí ẹ̀yin rí kún tirẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ tuntun. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “Ìwákiri yín kò ṣiṣẹ́, ẹ bá wa ṣe é” ti gbé àlọ́ lé alábòójútó lọ́wọ́. Èyí tó dára yóò dà báyìí:

“Mo ń lo ẹ̀yà 3.2 lórí Windows 11. Mo forúkọ ìwé kan sílẹ̀ tí ‘ẹ̀kọ́’ wà nínú àkọlé rẹ̀. Mo wá ‘ẹ̀kọ́’ láti orí fóònù mi. Mo retí kí ìwé náà jáde, kò jáde. Bí mo bá da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú àkọlé, ó ń jáde. Mo rò pé ọ̀nà tí a gbà to àmì pọ̀ ló yàtọ̀.”

Ẹ̀yà tí ẹ ń lò, ohun tí ẹ ṣe ní ẹsẹẹsẹ, ohun tí ẹ retí, ohun tó ṣẹlẹ̀: mẹ́rin náà ti pé. Ẹni tó wà ní Berlin tàbí ní São Paulo lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó rí ohun tí ẹ rí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ń sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú tó yéni tó. Ẹ kò sì ní láti pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá tàbí sà. Orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn, kò sí ẹni tí yóò kà á sí àrífín.

Irú àṣìṣe kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé síta: èyí tí olè lè gbà wọlé, bíi Heartbleed. Ọ̀pọ̀ ètò ní fáìlì SECURITY tó sọ ẹni tí a ó fi irú rẹ̀ tó létí ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ihò náà kí ayé tó gbọ́ pé ó wà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá kan ọwọ́

Ẹ ti fi ẹ̀sùn sùn. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò fẹ́ kí ẹ tún un ṣe fúnra yín. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti wà lórí rẹ̀, tàbí pé wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ òfò.

Bí wọ́n bá gbà, Git ni ẹ ó lò ní ọ̀pọ̀ ilé, irinṣẹ́ tí Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005 láti máa fi tọ́jú kóòdù Linux. Ó bá ìgbé ayé wa mu gan-an, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kóòdù sórí kọ̀ǹpútà yín tán, ẹ lè máa ṣiṣẹ́ kí ẹ sì máa fi í pamọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí dátà bá sì wọ́n yín, ẹ fi --depth 1 kún àṣẹ git clone. Kóòdù bó ti wà lónìí nìkan ni yóò gbà, yóò fi ìtàn ọdún gbọọrọ sílẹ̀.

Lórí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti irú rẹ̀, ẹ ó ṣe ẹ̀dà tiyín tí wọ́n ń pè ní fork, ẹ ó sì ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe nínú ẹ̀ka náà. Bí ẹ bá rí i pé orúkọ kan kò dára ní apá ibòmíràn, tàbí pé ìlà kan wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá tún ìwákiri ṣe, tó tún to fáìlì ogún ní àtúntò, ti fi ìlà mẹ́fà tó ṣe pàtàkì pamọ́ sáàárín ẹgbẹ̀rún. Ojú tó ti rẹ̀ kò ní rí i.

Fún àpẹẹrẹ wa, àtúnṣe náà kò gùn. Unicode fúnra rẹ̀ ní ìlànà fún sísọ oríṣiríṣi ìtòpọ̀ wọ̀nyí di ọ̀kan, Python sì ní i nínú unicodedata. Ohun tó kù ni kí àkọlé ìwé àti ọ̀rọ̀ tí a ń wá gba ibẹ̀ kọjá kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdánwò: ẹ kọ “ẹ̀kọ́” ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì ní kí ètò náà rí gbogbo wọn. Kí ìdánwò yìí kùnà kí ẹ tó tún kóòdù ṣe, kó sì yege lẹ́yìn rẹ̀. Ìdánwò yìí ni yóò máa ṣọ́ iṣẹ́ yín nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní commit message. Ìlànà Linux ní kí ẹ ṣàpèjúwe ìṣòro náà kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ ṣe sí i, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún kóòdù, kí ìlà rẹ̀ má sì ju lẹ́tà 75 lọ. “Àtúnṣe díẹ̀” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. “Jẹ́ kí ìwákiri rí ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn” sọ ohun gbogbo. Kóòdù fúnra rẹ̀ yóò fi ohun tí ẹ ṣe hàn. Ìdí tí ẹ fi ṣe é, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ fún ẹni tí yóò kà á ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Ìbúra kékeré

Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ SCO gbé IBM lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ó ní wọ́n ti kó kóòdù Unix tí òun sọ pé òun ni òun ni ín sínú Linux. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn Linux mú ìwé-ẹ̀rí kan wá ní ọdún 2004, Developer Certificate of Origin. Bí ẹ bá fi git commit -s kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, ìlà kan yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀: Signed-off-by, pẹ̀lú orúkọ àti íméèlì yín. Ìbúra ni ìlà yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀yin lẹ kọ kóòdù yìí tàbí pé ẹ gbà á lọ́nà tó tọ́, àti pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi í sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ètò náà. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún kóòdù tí ẹ kọ níbi iṣẹ́ oṣù. Ó lè jẹ́ ti agbanisíṣẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kóòdù tí ẹ̀rọ AI bá kọ fún yín náà. Gentoo, ọ̀kan lára oríṣi Linux, kò gbà á rárá láti ọdún 2024. Àwọn mìíràn ní kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ bá lò ó. Ìlànà yòówù kó jẹ́, ẹ má ṣe fi ìlà kan ránṣẹ́ tí ẹ kò lè fẹnu yín ṣàlàyé.

Ìdáhùn àti sùúrù

Ẹ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́; pull request ni wọ́n ń pè é lórí GitHub. Ìdáhùn lè pẹ́. Ìlànà Linux ní kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kí ẹ tó tún béèrè. Nígbà tó bá sì dé, ó lè dà bíi pé ó le: “Kí ló dé tí èyí wà níbí? Yọ ọ́.” Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ ǹlẹ́ o. Ẹni tí a fi ìkíni tọ́ lè rò pé wọ́n bú òun ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kóòdù náà ni wọ́n ń bá wí. Ẹ dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ohun tó yẹ ṣe, ẹ sì fi sùúrù sọ ìdí yín níbi tí ẹ kò bá ti gbà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pátá, ẹ̀dà tiyín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ìwé àṣẹ kò gbà á padà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ewu tó wà nínú ìkánjú. Ètò kékeré kan wà tí ń jẹ́ xz, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux fi ń fún dátà pọ̀. Ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀, nínú àkókò ìsinmi rẹ̀. Àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú pé ó ń fà, pé kó wá ẹni tí yóò bá a ṣe é. Ẹnì kan tó ti ń fi iṣẹ́ tó dára ránṣẹ́ gba ipò náà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀ kí olè lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà kan ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ó tọ ipa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó ń rọ alábòójútó láti kánjú ń fọ́ ojú kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ wa.

Kóòdù nìkan kọ́

Àwọn Linux máa ń kọ orúkọ ẹni tó rí àṣìṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe rẹ̀, Reported-by. Ẹni tó dán an wò, Tested-by. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, Reviewed-by. Orúkọ wọn wà nínú ìtàn ètò náà títí láé, ó sì lè máà sí ìlà kóòdù kan tí wọ́n kọ. Ẹ lè ṣàlàyé ohun tí kò yéni nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ẹ lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ MediaWiki sí Yorùbá lórí translatewiki.net.

Ṣùgbọ́n kí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ wúlò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ayẹyẹ open source tí ń jẹ́ Hacktoberfest, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fi pull request mẹ́rin ránṣẹ́ ní ẹ̀wù, àwọn ènìyàn rọ́ lu àwọn alábòójútó pẹ̀lú àtúnṣe aláìnílárí, bíi kí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ kan kún README. Àwọn olùṣètò ní láti yí òfin padà láàárín oṣù náà gan-an, kó lè jẹ́ pé ètò tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni yóò kópa. Ẹ̀wù ni wọ́n ń wò; wọn kò wo olóko.

Bí ẹ bá ṣe é bí a ti là á sílẹ̀ yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gba àtúnṣe yín wọlé, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ kò mọ̀ yóò tẹ “ẹ̀kọ́” sínú àpótí ìwákiri, tí ìwé rẹ̀ yóò sì jáde. Kò ní mọ orúkọ yín. Ẹ má ṣe lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ máa dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípa apá ibi tí ẹ tún ṣe. Nígbà tó bá yá, àlejò mìíràn yóò dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, yóò fẹ́ ro ibi tí ẹ gbìn, wọn yóò sì ní kí ẹ̀yin bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kí i, kí ẹ sì fi ilá hàn án.